Bí Atẹ̀wé Ṣe Fi Ọwọ́ Yan Wúfà

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, apoògùn wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń ka hóró oògùn sínú ìgò kékeré, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ ohùn ló ń pè é.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ máa bọ̀ níbí. Bàbá yín wà nílẹ̀."

"Wà nílẹ̀ báwo?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀, mà."

Ó gbàgbé iye hóró tó ti kà. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì jáde tòun ti aṣọ funfun iṣẹ́ lọ́rùn. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, àyà rẹ̀ ń já: ṣé ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀ ni, àbí rọpárọsẹ̀? Nígbà tó wọlé, èrò ti pagbo sí àárín ṣọ́ọ̀bù. Ó là wọ́n kọjá. Bàbá rẹ̀ wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ó wọ kóòtù tó fi ń lọ sóde, ó fi ọwọ́ àti orúnkún tẹlẹ̀, ó ń rákòrò bí ọmọ oṣù mẹ́jọ. Lórí àga onítìmùtìmù kan tó yẹ kí ènìyàn jókòó sí, àpótí dúdú gìrìwò kan ló jókòó, ó ń dún gììì, gììì, bí ẹni tí inú ń run.

Obìnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ti bá a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yẹ abẹ́ tábìlì wò. Ó ní òun ń bá bàbá wá eyín tó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé eyín já bọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Apoògùn lóṣòó síwájú bàbá rẹ̀, ojú kojú. "Bàbá! Kí lẹ ń wá nílẹ̀?"

"Ìró ni," ni bàbá dá a lóhùn. "Rọra o, má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Ó ti di ọdún kẹta báyìí tí bàbá yìí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Atẹ̀wé, ti lọ sinmi, ṣùgbọ́n ìtàn yìí ni àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í sábà rántí pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àpótí yẹn ni wọ́n ń pè ní súbúwúfà, tàbí wúfà ní kúkúrú. Òun ló máa ń gbé ìró ìsàlẹ̀ jáde nínú fíìmù: ààrá, ẹsẹ̀ ẹṣin, ilẹ̀kùn ńlá tó padé. Ìró ìsàlẹ̀ a máa sá pamọ́ sí igun yàrá kan, kó má sì dé igun kejì. Nítorí náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń gbé wúfà sórí àga tí wọn yóò jókòó sí, wọn a wá rákòrò yí yàrá ká. Ibi tí ìró bá ti dára jù lọ létí wọn, ibẹ̀ ni wọ́n á gbé àpótí náà sí. Ṣùgbọ́n nínú ilé wọn ni wọ́n ti ń ṣe é.

"Mo ti sọ fún bàbá," ni ẹni tó ń tajà wí. Ọkùnrin gíga kan tó so táì pupa mọ́rùn ni, Olótáì ni bàbá ń pè é. "Mo ní yàrá ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe yàrá ilé yín. Wọ́n bá mú ṣọ́ọ̀kì jáde."

Ìgbà yẹn ni apoògùn wolẹ̀. Bàbá ti fi ṣọ́ọ̀kì funfun ya yàrá ilé rẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, bó ṣe fẹ̀ àti bó ṣe gùn gan-an, tòun ti fèrèsé méjì àti àlàfo ẹnu ọ̀nà. Oníbàárà kan fẹ́ gba orí ìlà kọjá, bàbá ké mọ́ ọn láti ilẹ̀: "Ọ̀gbẹ́ni, ògiri nìyẹn! Gba ẹnu ọ̀nà wọlé." Oníbàárà náà gba ẹnu ọ̀nà. Olótáì fúnra rẹ̀ ti ń gba ẹnu ọ̀nà láti bíi wákàtí kan sẹ́yìn.

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, àfi apoògùn. Ó fa bàbá rẹ̀ dìde, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lójú èrò, ó sì rí i pé ti bàbá dára ju tòun lọ.

Kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, ìròyìn ti kan àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lára ní ìlú tó ń gbé. Agbẹjọ́rò ni, bí ẹjọ́ ló sì ṣe máa ń to ọ̀rọ̀, kódà bó bá ń béèrè omi mímu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sòótọ́," ló wí lórí fóònù. "Èkíní, bàbá ń rẹ́rìn-ín níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sunkún nínú fíìmù. Èkejì, mo bi í bí ara ṣe le sí, ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀kẹta, ó gbà kí Màmá kun ilé ìdáná ní pupa. Bàbá wa! Ẹni tí kì í fẹ́ rí ata tútù lórí tábìlì nítorí àwọ̀ rẹ̀! Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa wà lọ́jà, òun gan-an ló ń rákòrò bí ọmọ tuntun."

"Ọgbọ́n kan wà nídìí rẹ̀," ni apoògùn wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dúró.

"Mò ń bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo máa bi í ní ìbéèrè. Tí orí rẹ̀ ò bá pé mọ́, mo máa kó àwọn méjèèjì wá sọ́dọ̀ mi, ká sì fi ilé yẹn fún ayálégbé. Kì í ṣe ìkà ni mò ń ṣe o. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ẹ̀rù ń ba apoògùn náà. Ó mọ̀ pé bàbá rẹ̀ kò ní pẹ́ láyé bí wọ́n bá yọ ọ́ nínú ilé yẹn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kan gbogbo ilẹ̀kùn ibẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn tó ń kó bébà sí tẹ́lẹ̀, ó ti sọ ọ́ di yàrá sinimá: àga mẹ́fà, aṣọ fèrèsé tó nípọn, sípíkà mẹ́rin lára ògiri. Ó ku wúfà. Oṣù méjì ló ti ń yan ọ̀kan ṣoṣo yìí, apoògùn sì ń bi ara rẹ̀ bóyá orí tó pé lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí àpótí.

Bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ kò yí padà púpọ̀ sí ẹni tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ń pariwo bí ọkọ̀ ojú irin. Ó máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà láràárọ̀, bí ìyá ṣe ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ó ní irin a máa sọ tinú rẹ̀ fún ọwọ́ kó tó sọ ọ́ fún etí. Ní ọjọ́ Ajé kan, ó sọ fún ọ̀gá pé eyín irin kan máa kán ní Ọjọ́rú. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ní aago mẹ́wàá Ọjọ́rú, eyín kán. Dípò kí ọ̀gá dúpẹ́, ìwé ló kọ sí i pé kó wá sọ bó ṣe mọ̀. Èsì tí Atẹ̀wé kọ kò ju ìlà kan lọ: "Ẹ kọ ìwé sí ẹ̀rọ náà, òun ló sọ ọ́."

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fẹ́ fún un ní aago ògiri. Ó ní rárá o, lẹ́tà òjé kan ṣoṣo lòun fẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ àkọlé ńlá, tó gùn tó ìka ọwọ́. Láti ọjọ́ náà, lẹ́tà yẹn kò kúrò lápò rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, apoògùn gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó tẹ̀ lé bàbá padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun fẹ́ bá a yan wúfà. Ní tòótọ́, bàbá gan-an ló fẹ́ yẹ̀ wò.

Olótáì ti nu ṣọ́ọ̀kì kúrò nílẹ̀, ó sì dúró síwájú ọjà rẹ̀ bí ẹni tó ń dáàbò bò ó. Ó nawọ́ sí èyí tó tóbi jù, àpótí kan tó ga dé ìbàdí ènìyàn. "Bàbá, ẹ wo èyí. Bí ẹ bá tàn án, ilé yín á mì!"

"Ilé mi ò ṣẹ̀ mí," ni Atẹ̀wé wí.

Ó yọ lẹ́tà òjé rẹ̀ jáde, ó gbé e nàró sórí àpótí náà, ó ní kí wọ́n tàn án. Àpótí bú ramúramù. Lẹ́tà jó lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣubú. "Igi ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n," ni bàbá wí, "kò jẹ́ kí fíìmù sọ̀rọ̀. Gbé e kúrò." Wọ́n tan èkejì, lẹ́tà ṣubú. Wọ́n tan ẹ̀kẹta, lẹ́tà fò bọ́ sínú bàtà Olótáì.

"Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì fetí gbọ́ ọ, Bàbá!" ni Olótáì wí, bó ṣe ń jìjàkadì pẹ̀lú okùn bàtà.

Bàbá kò dáhùn. Ẹ̀yìn ló kọ sí i, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lórí àpótí kẹrin. Olótáì tún un sọ, ó gbóhùn sókè. Bàbá kò mira. Apoògùn sún mọ́ ẹ̀yìn bàbá rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Bàbá, wọ́n fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù." Kò sí èsì. Ó sún mọ́ ọn sí i. "Bàbá, iná ń jó lẹ́yìn ṣòkòtò yín."

Bàbá mi orí díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ náà ni," ló wí.

Apoògùn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kó tó mọ̀, omi ti kún ojú rẹ̀. Etí ni! Orí kọ́ o, etí ni! Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti gba gbogbo ìró tínrín lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ṣẹ́ èyí tó wúwo kù fún un. Ìyẹn ló ṣe ń wá wúfà bí ẹni wá omi: òun nìkan ló kù tó lè bá a sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ kan èjìká bàbá, ó jẹ́ kó rí ẹnu òun.

"Bàbá, láti ìgbà wo lẹ ti ń wo ẹnu wa láti mọ ohun tí à ń sọ?"

Bàbá wo Olótáì, ó wo ilẹ̀. "Ó tó ọdún méjì," ló wí. "Má sọ fún ìyá rẹ o. Ó máa ń kọrin fún mi láràárọ̀ bó bá ń la fèrèsé. Bó bá mọ̀ pé mi ò gbọ́, kò ní kọ ọ́ mọ́. Mo fẹ́ràn bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa ń rí."

"Agbẹjọ́rò ń bọ̀ ní Sátidé, Bàbá. Ó rò pé orí yín ti dàrú. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un."

"Ohun tí agbẹjọ́rò bá mọ̀, ta ni kò ní mọ̀ ọ́n? Búra fún mi."

Ó búra, ó sì kábàámọ̀ kó tó pa ẹnu dé.

Nígbà náà ni bàbá rí àpótí kúkúrú kan ní igun, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti họ, tí ìkòkò òdòdó wà lórí rẹ̀. "Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn kẹ̀? Òdòdó la fi ń gbé, Bàbá."

Wọ́n gbé òdòdó kúrò, wọ́n tàn án. Ìró kan jáde, ó jinlẹ̀, ó gba abẹ́ bàtà wọlé sára. Lẹ́tà òjé dúró gbọingbọin. Atẹ̀wé gbé ọwọ́ lé e, ó di ojú, ó pẹ́ kó tó là á. "Ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ sọ kì í gbọ̀n," ló wí. Olótáì ní kí wọ́n máa gbé òdòdó náà lọ pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n ṣáà má padà wá.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di Sátidé, apoògùn kò rí oorun gidi sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ka gbogbo oògùn. Bó bá sọ fún àbúrò rẹ̀, ó da ìbúra. Bó bá dákẹ́, ilé lọ. Ó kọ́ bàbá ní àmì: bí òun bá fọwọ́ kan imú, kó rẹ́rìn-ín, bí òun bá fọwọ́ kan etí, kó mi orí. Bàbá ní àmì náà dára, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ ṣe bí imú bá yún un lóòótọ́?

Agbẹjọ́rò dé ní ọ̀sán Sátidé pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ yàrá sinimá, wọ́n fa aṣọ fèrèsé, fíìmù bẹ̀rẹ̀. Bàbá bọ́ bàtà, ó tẹ ẹsẹ̀ lásán mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí wúfà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan ń lọ dáadáa ju bí apoògùn ṣe gbàdúrà lọ. "Ọkọ̀ ńlá ń bọ̀," ni bàbá wí, kí ọkọ̀ tó yọ lójú àwòrán. "Ẹnìkan wà ní òkè àjà," ló tún wí, kò sì pẹ́ tí olè bọ́ láti òkè àjà. Ojú agbẹjọ́rò rọ̀ díẹ̀. Ó ti ń pa fáìlì dé.

Àfi bí ọkùnrin kan nínú fíìmù ṣe kọ̀yìn sí wọn, tó sọ̀rọ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ kan sí ìyàwó rẹ̀. Agbẹjọ́rò mú rìmóòtù, ó dá fíìmù dúró.

"Bàbá, kí ni ọkùnrin yẹn sọ?"

Apoògùn fọwọ́ kan etí, ó fọwọ́ kan imú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan gbogbo ara. Bàbá wo wúfà, wúfà ti dákẹ́. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. "Ó ní..." Ó dánu dúró. "Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Agbẹjọ́rò ṣí fáìlì padà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì yá.

Ìyá wọn ló dìde. Ó lọ dúró síwájú ọkọ rẹ̀, níbi tí iná àwòrán ti lè tàn sí ojú rẹ̀ dáadáa. "Ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀," ló wí. "Orí rẹ̀ pé ju tiyín lọ. Etí ni kò gbọ́."

Bàbá yíjú sí apoògùn kíá. "Èmi kọ́ o!" ni apoògùn ké.

"Ilé ìdáná ló sọ fún mi," ni ìyá wí. "Mo fura, mo bá kọ̀yìn sí i lọ́jọ́ kan, mo ní ṣé ká kun ilé ìdáná ní pupa. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo ní, ọkùnrin tó ń gbọ́ran kò lè gba irú èyí láéláé. Mo bá ra ọ̀dà. Ó ti tó ọdún méjì."

"Ọdún méjì," ni Atẹ̀wé wí. "Orin òwúrọ̀ ńkọ́?"

"Orin wo? Mi ò kọrin. Ẹnu lásán ni mò ń là fún yín. Mo rí i pé ẹ fẹ́ràn láti máa wò ó, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo mọ̀. Ta wá ni mo fẹ́ máa pariwo fún?"

"Mo sì ń pàtẹ́wọ́ fún un láràárọ̀!" ni Atẹ̀wé ké.

Kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú wọn. Agbẹjọ́rò rẹ́rìn-ín títí fáìlì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ṣà á. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, bàbá ní kí ìyá wọn wá jókòó. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì, bó ti máa ń gbé e lé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. "Ó yá," ló wí, "kọ ọ́ tohùn-tohùn." Ìyá kọrin. Ohùn rẹ̀ ti há díẹ̀ nítorí ọdún méjì tí kò ṣiṣẹ́. Bàbá di ojú, ó ń gbọ́ ọ láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tó parí, ó ní, "Kò sí eyín kan tó fẹ́ kán nínú èyí." Ọ̀rọ̀ kíkó kúrò nílé parí síbẹ̀.

Apoògùn ra ẹ̀rọ ìgbọ́ran fún un lẹ́yìn náà. Ó lò ó lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí agbẹjọ́rò wá kí wọn tó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. Nígbà tí àlejò lọ, Atẹ̀wé yọ ọ́ létí, ó dá a padà sínú páálí rẹ̀. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ibẹ̀ gan-an ni àléébù rẹ̀ wà.

Ọdún mẹ́rin ló tún fi gbádùn yàrá rẹ̀ kó tó sùn lọ lórí àga rẹ̀ ní ọ̀sán kan, ọwọ́ rẹ̀ lórí wúfà. Ìyàwó rẹ̀ ní òun rò pé ó ń fetí sí nǹkan ni.

Nígbà ìsìnkú, àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn pọ̀ gan-an. Wọ́n kó àga jáde nínú yàrá sinimá, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé wúfà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí gbogbo ènìyàn lọ tán, wọ́n tún yàrá náà tò, wọ́n tan fíìmù kan fún ìyá, kó lè rí nǹkan wò. Ìyá fetí sílẹ̀ díẹ̀, ó mi orí. "Kò dún bíi ti bàbá yín," ló wí. Wọ́n gbé wúfà sọ́tùn-ún, wọ́n gbé e sósì. Kò sí ẹni tó rántí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Àyà apoògùn bẹ̀rẹ̀ sí í já bíi ti ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n pè é sí ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni pé ohun tó kù nínú bàbá wọn ti sọnù mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Ó lọ bu omi mu ní ilé ìdáná pupa. Nígbà tó padà, wúfà ti wà lórí àga bàbá, ó ń dún. Agbẹjọ́rò, tòun ti kóòtù dúdú, wà nílẹ̀ lórí ọwọ́ àti orúnkún, ó di ojú, ó ń rákòrò lọ lẹ́bàá ògiri.

"Kí lo ń wá nílẹ̀?"

"Ìró ni, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. Ohùn rẹ̀ wúwo. "Ẹ rọra, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Ó pẹ́ nílẹ̀. Lẹ́bàá fèrèsé kejì, ó dúró, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lélẹ̀. "Ibí ni." Wọ́n gbé wúfà síbẹ̀. Apoògùn mú lẹ́tà òjé jáde láti inú àpò kóòtù bàbá tó ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé e nàró sórí àpótí, ó sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́tà náà dúró. Ìyá wọn gbé ọwọ́ lé wúfà, ó fetí sílẹ̀ títí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, tohùn-tohùn.